Géèmù ìrìn Èlíjà lọ sí Hórébù: ọ̀nà ló gùn jù ni, àbí ẹnu asọ̀tàn ni kò dákẹ́?

Arìngbẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń fi Godot, irinṣẹ́ ìṣe-géèmù, ṣe géèmù kan lálaalẹ́. Géèmù ìrìn ni: kò sí ìjà, kò sí máàkì, ẹnikẹ́ni kì í kú níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá a kàn ń rìn ni, asọ̀tàn ń rọ ìtàn sí i létí. Ìtàn Èlíjà, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ni mo mú. Jésébẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ó sá dé Béérṣébà, ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì pé kó dìde kó jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó sì fi agbára oúnjẹ yẹn rìn fún ogójì ọ̀sán àti ogójì òru títí dé Hórébù.

Mo fún ènìyàn mẹ́fà kí wọ́n bá mi dán an wò. Mẹ́rin ni kò parí rẹ̀. Ọ̀kan sùn lọ, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀kan ní òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun. Ẹ̀kẹta ní asọ̀tàn ń já lu ara rẹ̀: kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí òmíràn fi gorí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù, torí òun dé inú ihò orí òkè. Ó gbọ́ "Kí ni ìwọ ń ṣe níhìn-ín, Èlíjà?", Èlíjà dáhùn, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, lẹ́yìn náà ó tún gbọ́ ìbéèrè yẹn gan-an àti ìdáhùn yẹn gan-an. Ló bá pa géèmù, ó kọ̀wé sí mi pé fáìlì ohùn mi ti bàjẹ́, pé ó ń tún ara rẹ̀ sọ.

Apá ogójì ọjọ́ gba ìṣẹ́jú 22. Ìṣísẹ̀ ènìyàn gidi ni mo lò, mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo sì ti fi ọ̀rọ̀ asọ̀tàn kún un dẹ́nu. Mo fi àwòrán àti fídíò rẹ̀ síbí. Ṣé kí n gé ọ̀nà náà kúrú ni, àbí kí n wá nǹkan fún wọn ṣe lójú ọ̀nà, bí àlọ́ tàbí ohun kíkó jọ?

Ògbólógbòó

Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má fi ohun kíkó jọ kankan sí i. Ẹni tó ń lọ kú sínú aginjù kì í ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá lọ́nà.

Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi orúkọ "walking simulator", tí wọ́n ń pe irú géèmù ìrìn yìí, ṣe nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kó tó wá di orúkọ gidi. Ohun tó jẹ́ kí irú géèmù yìí dúró ni pé àwọn tó ṣe é gbà pé ìrìn fúnra rẹ̀ tó. Dear Esther bẹ̀rẹ̀ ní 2008 gẹ́gẹ́ bí àfikún ọ̀fẹ́ lórí géèmù mìíràn, Half-Life 2, ó di géèmù tí wọ́n ń tà ní 2012, kò sì sí ohun tí wàá ṣe níbẹ̀ ju kí o rìn ní erékùṣù kan kí o máa gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ ṣáá o. Ó lè sọ gbólóhùn mẹ́rin kó dákẹ́, ìwọ á sì máa gbọ́ afẹ́fẹ́ àti omi òkun.

Wá ṣí Bíbélì rẹ sí ẹsẹ 8. Ogójì ọjọ́ àti ogójì òru, ẹsẹ kan ṣoṣo! Ẹni tó kọ ìtàn yẹn kò rí nǹkan kan sọ nípa ọ̀nà náà, ìwọ wá rí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 22 sọ. Àbúrò, ẹnu asọ̀tàn ni kò dákẹ́.

Oníkóòdù

Ti ohùn tó ń gorí ara wọn, mo ti fojú inú rí kóòdù rẹ. O to Area3D (agbègbè aláìrí tó ń mọ̀ bí ẹnìkan bá wọ inú rẹ̀) sójú ọ̀nà, bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, àmì rẹ̀ tó ń jẹ́ body_entered á sọ pé kí ohùn máa lọ. Ẹni tó bá rìn kánkán tàbí tó gba ẹ̀bá ọ̀nà á kan méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: kí Area3D má pe ohùn fúnra rẹ̀ rárá. Kó kàn lọ fi orúkọ gbólóhùn náà sórí ìlà. AudioStreamPlayer (ohun tó ń gbé ohùn jáde) kan ṣoṣo ló ń ka orí ìlà yẹn. Bó bá parí ọ̀kan, tó sọ finished, kó dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó kéré tán kó tó mú èyí tó kàn.

Ohun méjì kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Àkọ́kọ́, gbólóhùn tó ń sọ nípa ohun tí ojú ń rí ("wo igi yẹn") gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ikú tirẹ̀: bí ẹni náà bá ti kọjá igi kó tó kàn án, yọ ọ́ dànù, má jẹ́ kó sọ ọ́ mọ́. Èkejì, kọ orúkọ gbogbo èyí tó ti sọ sínú fáìlì ìfipamọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá tún géèmù ṣí lọ́la á tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa rò pé orí asọ̀tàn ti dàrú.

Ojú_ń_kọ́mi

Èmi náà wà lára àwọn tí géèmù ojú-ara-ẹni (èyí tí kámẹ́rà jẹ́ ojú ẹni tó ń rìn) máa ń pa lóòyì, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi. FOV (bí ojú kámẹ́rà ṣe fẹ̀ tó) mélòó lo fi sí kámẹ́rà? Àti pé, ṣé orí ń mì sókè sódò bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé?

Arìngbẹ̀rẹ̀

FOV 50. Mo fẹ́ kó rí bíi fíìmù. Orí ń mì, bẹ́ẹ̀ ni. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí mímì yẹn o.

Ojú_ń_kọ́mi

Pẹ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ti wọ iná.

Ojú sọ fún ọpọlọ pé a ń rìn, omi inú etí sọ pé a jókòó, àárín àwọn méjèèjì ni èébì ti ń wá. Bí FOV bá ti há jù, ayé á máa fì lójú ẹni ní gbogbo ìgbà tó bá yí mausì. 75 ni Godot fúnra rẹ̀ ń fún kámẹ́rà. Dá a padà síbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí oníkálukú lè sún un láàárín 60 sí 90. Mímì orí, jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ènìyàn lè pa, kó sì wà ní pípa láti ìbẹ̀rẹ̀. Fi àmì kékeré kan sáàárín ojú ìbòjú tí ojú lè dì mú. Àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí n lè gbá géèmù kan parí rí. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, dín koríko kù kí àwòrán má baà máa fọ́ já-n-já-n, torí ìyẹn náà ń dá òòyì sílẹ̀.

Sáré_Sáré

Èmi ò gbà pẹ̀lú gbogbo yín. Fi bọ́tìnnì eré sísá sí i, kí ẹ jẹ́ ká lọ sùn.

Ògbólógbòó

Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Ní 2015 tí Everybody's Gone to the Rapture jáde, ariwo sọ pé ó lọ́ra bí ìgbín. Bọ́tìnnì ìyára wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wàá máa yára díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú géèmù náà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ariwo ti ta ni wọ́n tó ṣàlàyé.

Mítà 1.4 tí o lò, ẹsẹ̀ gidi ló bá mu. Lójú ìbòjú, rírá ni. Gbé e sí 2.2. Ọ̀nà rẹ tó gba ìṣẹ́jú 22 á di 14, o kò sì gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nínú rẹ̀. Eré sísá ní tirẹ̀, mi ò ní fi sí i lẹ́yìn Béérṣébà. Ní orí 18 ni Èlíjà sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù dé Jésíréélì; ẹni tó jókòó sábẹ́ igi yẹn kò ní eré lẹ́sẹ̀ mọ́.

Tíṣà_Bíbélì

Mo ti fẹ̀yìn tì nínú kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọmọ mi ló fi ìjíròrò yìí hàn mí. Mi ò mọ Godot, àmọ́ mo mọ ìtàn yìí.

Má gé ogójì ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mọ ohun tó jẹ́. Òkè tí àṣà ń pè ní Hórébù, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jebel Musa ní Sínáì, ga ní mítà 2,285. Bí ẹyẹ bá fò láti Béérṣébà débẹ̀, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 300. Ẹni tó ń rin kìlómítà 25 lójúmọ́ á dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló dé tó fi wá jẹ́ ogójì? Torí Mósè lo ogójì ọjọ́ lórí òkè kan náà láìjẹ láìmu, Ẹ́kísódù 34 ẹsẹ 28. Èlíjà ń tọ ipasẹ̀ Mósè ni. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bóyá Jebel Musa ni Hórébù gan-an, nítorí náà bí o bá yàwòrán rẹ̀, má kọ orúkọ yẹn sí i lára.

Nípa igi: ìtumọ̀ wa àtijọ́ pè é ní júnípérì, ṣùgbọ́n rótémù ni Hébérù pè é. Igi kékeré aginjù ni, ẹ̀ka rẹ̀ rí bí ọwọ̀, ewé rẹ̀ kò tó nǹkan, òdòdó rẹ̀ funfun. Òjìji rẹ̀ kò nípọn rárá. Mo rí àwòrán tí o fi síbí, igi ńlá olórí ṣíṣú lo yà. Gbé e kúrò. Èlíjà jókòó síbi tí oòrùn ṣì ń bá a, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dunni. Ẹyín iná igi yìí máa ń pẹ́ kó tó kú, Orin Dáfídì 120 ẹsẹ 4 mẹ́nu bà á. Orí ẹyín iná sì ni oúnjẹ áńgẹ́lì ti jinná. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni o. Ọ̀rọ̀ "àkàrà" inú ìtumọ̀ wa ti ṣi ẹni tó bá ọ yàwòrán lọ́nà, ó hàn.

Ti ìbéèrè tó wá lẹ́ẹ̀mejì: ẹsẹ 9 àti 10, ẹsẹ 13 àti 14. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́, Èlíjà kò sì yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Má fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin yìí ti rí ìjì tó fọ́ àpáta, ó ti rí iná, síbẹ̀ ẹjọ́ tó gbé wá ló tún ń rò.

Arìngbẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi wí nípa igi! Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ tún un sọ ni?

Gbohùngbohùn

Iṣẹ́ ohùn nìyẹn, ibi tí mo ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

O lo fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo gbọ́ ọ nínú fídíò rẹ: èémí kékeré tó ṣáájú "Èmi ti ń jowú" wà ní ibì kan náà nínú méjèèjì. Etí ènìyàn kì í gbàgbé èémí. Tún gba èkejì sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹni tó ń kà á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn lọ gun àtẹ̀gùn bọ̀ kó tó kà á, tàbí kí o gbà á sílẹ̀ ní òpin ọjọ́ nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà àkọ́kọ́, kó jìnnà sí gbohùngbohùn ní ìwọ̀n apá kan, kí ihò máa dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà kejì, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré, láìsí ìró ihò rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ohun kan ti yí padà, bí kò bá tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́.

Má jẹ́ kó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ o. Mo rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣe èyí ṣáá: wọ́n gbọ́ "ohùn kẹ́lẹ́ kékeré" tó tẹ̀lé iná nínú ìtàn náà, wọ́n ní kí òṣèré máa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣòfófó. Ní àwọn èdè mìíràn ó ṣeé ṣe. Tiwa, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀. Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀nà ọ̀fun kò gbọ̀n mọ́, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á parẹ́, ẹni tó ń gbọ́ á máa méfò. Ohùn jẹ́jẹ́ ni kó lò, tí ọ̀fun ṣì ń gbọ̀n.

Ó wá ku ohùn kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí Hébérù sọ níbẹ̀ sún mọ́ "ìró ìdákẹ́jẹ́ tín-ín-rín". Nínú fídíò rẹ, ohun tó wà níbẹ̀ ni dùùrù àti obìnrin kan tó ń kọrin "àà". Yọ ọ́. Lẹ́yìn iná, mú gbogbo nǹkan wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Má mú un dé òdo o, torí bí ohùn bá dé òdo pátápátá, ènìyàn á rò pé íápíìsì òun ló já. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yẹ wáyà wò. Fi ìró yàrá tó ṣófo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ti yàrá tí o ti ń gbohùn sílẹ̀, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Fi ìró eteetí aṣọ tó ń fẹ́ díẹ̀ lé e. Ó tán. Kí asọ̀tàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ìjì rẹ náà ti pọ̀ jù. Bí ó bá dún jù, ẹni náà á fọwọ́ fa ohùn kọ̀ǹpútà rẹ̀ wálẹ̀, kò sì ní gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìdí tí o fi ṣe géèmù. Fi gbogbo rẹ̀ sí nǹkan bíi -24 LUFS (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó létí), kí ìjì ga ju asọ̀tàn lọ díẹ̀, kó má fi ìlọ́po jù ú lọ.

Alífáà_kékeré

Àlàáfíà fún yín. Ní tiwa, Ànábì Ilyas ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú Kùránì Alápọ̀nlé, orí 6 ẹsẹ 85 àti orí 37 láti ẹsẹ 123. Ìrìn Hórébù kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa fẹ́ gbá a. Ìbéèrè kan: ṣé ojú rẹ̀ máa hàn? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ rí àwòrán àwọn ànábì.

Arìngbẹ̀rẹ̀

Ojú-ara-ẹni ni, ẹ̀gbọ́n, nítorí náà ọwọ́ àti òjìji nìkan ló ń hàn. Àmọ́ mo ti ya ojú rẹ̀ sára páálí ìpolówó.

Alífáà_kékeré

Bó bá ṣeé ṣe, fi ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ dípò ojú. Ẹ̀wù yẹn ni Bíbélì yín sọ pé ó fi bo ojú nígbà tó gbọ́ ohùn náà, àbí?

Tíṣà_Bíbélì

Ẹsẹ 13 ni. Alífáà ti kà á ju àwọn ọmọ ìjọ mi kan lọ.

Gbohùngbohùn

Ẹ̀yin! Ẹ̀wù yẹn gan-an ni kí ẹ lò nínú géèmù. Kí aṣọ wálẹ̀ bo ìbòjú nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ bá dé. Ojú ti ṣókùnkùn, etí nìkan ló kù.

Ẹsẹ̀_ń_dún

Èmi fẹ́ràn ìró ẹsẹ̀, ẹ má bínú. Bí asọ̀tàn kò bá ní sọ nǹkan fún ìṣẹ́jú 14, ilẹ̀ ni kó máa sọ̀rọ̀. Láti Béérṣébà lọ sí gúúsù, eruku kíkúnná ni ilẹ̀, ẹsẹ̀ á máa dún bùf-bùf. Lẹ́yìn náà òkúta ẹfun àti òkúta ìbọn wẹ́wẹ́ tó ń dún wára-wára. Lẹ́yìn ìyẹn òkúta oníyanrìn, yanrìn sì wà láàárín rẹ̀. Akọ òkúta pupa ló wà ní àwọn òkè gúúsù, ìró ẹsẹ̀ á le níbẹ̀. Ìró mẹ́rin. Ẹni tó bá pa ojú dé á mọ̀ pé òun ti rìn jìnnà. Kí oòrùn wọ̀, kó yọ, bóyá ẹ̀ẹ̀meje péré. Kò sí ẹni tó máa ka ogójì.

Akọ̀wé_ìsàlẹ̀

Bí o bá máa fi ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ìbòjú, wo fọ́ǹtì rẹ. Nínú fídíò, gbogbo "ẹ́" àti "ọ̀" rẹ di àpótí kékeré. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) fún "ẹ́". Lẹ́tà "ẹ" àti àmì ohùn ni wọ́n máa ń so pọ̀, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Noto Sans ń ṣe é dáadáa. Kó má ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá_Rere

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. "Ó tó, nísinsìnyí, Olúwa, gba ẹ̀mí mi." Ọmọ mi, àwọn kan wà tó máa gbọ́ gbólóhùn yẹn nínú íápíìsì lóru, ní àwọn nìkan. Má yọ ọ́, torí ó wúlò fún wọn pé wòlíì náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síwájú géèmù pé ìtàn yìí ní ẹni tó fẹ́ kú nínú. Má sì jẹ́ kí asọ̀tàn wàásù níbẹ̀. Áńgẹ́lì kò wàásù fún un, oúnjẹ ló gbé fún un, ó sì jẹ́ kó tún sùn.

Arìngbẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí, mo padà wá jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ asọ̀tàn lójú ọ̀nà ti di gbólóhùn mọ́kànlá. Pípa wọ́n rẹ́ dunni o, mo fi àwọn kan pamọ́ sínú fáìlì mìíràn bí ẹni tó ń tọ́jú aṣọ òkú. FOV 75, ìrìn 2.2, igi ti kéré, páálí ti di ẹ̀wù. Ìlà ohùn ti ń ṣiṣẹ́, Oníkóòdù, ẹ ṣeun.

Ẹni tó ní fáìlì mi bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ fún padà. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí aṣọ bo ìbòjú, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí mausì. Ìbéèrè dé lẹ́ẹ̀kejì, Èlíjà dáhùn, ó yíjú sí mi, ó ní, "O ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àbí?" Mi ò yí ẹyọ kan.

Wàhálà kan ló kù: eteetí aṣọ ń wọ inú ògiri ihò bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn jù. Mo ti dín near kámẹ́rà (ibi tó sún mọ́ jù tó lè rí) kù, kò gbọ́.

Oníkóòdù

Má fi 3D ṣe aṣọ yẹn. Àwòrán pẹlẹbẹ lórí CanvasLayer (ìpele tó wà níwájú gbogbo ohun 3D) ti tó, ògiri kò ní rí i fọwọ́ kàn. Fi shader kékeré (kóòdù tó ń yí ìrísí àwòrán padà) mì ín kó lè dà bíi pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Bó bá yọ ọ́ lẹ́nu, fi kóòdù rẹ̀ síbí.